Bí Àìsàn Bá Kọ Lu Arìnrìn-àjò Nínú Bàálù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Jókòó Tì Í

Bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà lọ sí London a máa lo nǹkan bíi wákàtí 6 ààbọ̀ lójú òfurufú. Èyí tó ń lọ sí New York tàbí Atlanta a máa lò tó wákàtí 11 tàbí 12. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ilé ìwòsàn tí a lè sáré gbé aláìsàn lọ, aṣálẹ̀ Sàhárà tàbí òkun Àtìláńtíìkì ló sì máa ń wà nísàlẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí mo rí ni pé dákẹ́dákẹ́ ni ewu tó kọ́kọ́ ń bá àwọn ènìyàn wa: aláìsàn kì í fẹ́ sọ pé ara òun kò yá, ẹni tó jókòó tì í kì í sì í fẹ́ da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú. Ẹni tí kì í ṣe dókítà ni mo ń kọ ìwé yìí fún ní pàtàkì, nítorí pé òun ló sábà máa ń wà nítòsí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfurufú ń ṣe sí ara. Nígbà tí bàálù bá wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 35,000 sókè, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ náà kì í ki tó ti ilẹ̀. Ó máa ń dà bí ẹni pé ènìyàn wà lórí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Ẹni tó bá ti dé Jos rí mọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000 ni Jos. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ló ń dín díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní fura, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ikọ́ fée, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè mọ̀ ọ́n lára. Afẹ́fẹ́ náà tún gbẹ bíi ti ìgbà ọyẹ́, omi a sì máa tán lára ẹni tí kò bá mu omi déédéé.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Orí ẹrù dídì ni ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo oògùn tí arìnrìn-àjò ń lò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí yóò gbé wọnú bàálù, nínú páálí tàbí ìgò tí wọ́n fi tà á fún un gan-an. Mo jókòó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun. Ní bíi wákàtí kẹta tí a gbéra, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un, àyà rẹ̀ sì ń dún fée-fée. Nígbà tí mo béèrè oògùn tó máa ń fín sẹ́nu, ó ní àwọn ọmọ ti bá òun dì í dáadáa sínú àpótí ńlá. Àpótí náà wà nísàlẹ̀ nínú ikùn bàálù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé. Àpò oògùn tó wà nínú ọkọ̀ ló gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bá àwọn òbí di ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, oògùn kì í ṣe ẹrù àpótí.

Ẹ kọ ìwé pélébé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi sínú ìwé ìrìnnà: orúkọ àti ọjọ́ orí, àìsàn tó wà lára rẹ̀, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti nọ́ńbà fóònù ọmọ tó ń dúró dè é. Ẹni tó ní àìsàn tó le, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ní láti rí dókítà rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní fọ́ọ̀mù tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ kún fún irú wọn, pàápàá bí wọ́n bá máa nílò ọ́síjìn lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà ló ń béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ aboyún láti ọ̀sẹ̀ 28, tí wọn kì í sì í gbé e mọ́ bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 36. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ibi tí wọ́n ti lè ràn yín lọ́wọ́ ni pápákọ̀. Ojú òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Bí ẹ bá rí i pé ẹni tó jókòó tì yín kò ṣe bó ṣe yẹ, ẹ fọwọ́ kàn án ní èjìká, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀: “Mọ́mì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Kí ló ń ṣe yín?” Bó bá dáhùn, ẹ ti mọ̀ pé ó ń mí. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 bóyá ó ń lọ sókè sódò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán ènìyàn lórí. Bí wọn kò bá tètè dé, ẹ ké pè wọ́n, tàbí kí ẹ rán ẹni tó jókòó sí etí ọ̀nà àárín. Ẹ má ṣe dìde fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí òṣìṣẹ́ bá dé, ẹ sọ nọ́ńbà ìjókòó, ohun tí ẹ rí, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀: “Ìjókòó 34C ni. Obìnrin ni, ó dákú ní ìṣẹ́jú 2 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń mí.” Irú gbólóhùn yẹn wúlò ju igbe lọ, nítorí pé òun gan-an ni wọn yóò tún sọ fún ọ̀gá awakọ̀. Gbígbé oúnjẹ fún wa kọ́ ni olórí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Wọ́n ti kọ́ wọn ní títẹ àyà, ní lílo ọ́síjìn àti ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ọkàn padà sípò. Ọ̀kan yóò dúró ti aláìsàn, òmíràn yóò lọ kó irinṣẹ́ wá, ẹlòmíràn yóò pe awakọ̀. Ẹ ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti fa ìbòmú ọ́síjìn tó wà lókè orí ìjókòó jáde. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá jò lọ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìgò ọ́síjìn tí wọ́n ń gbé kiri fún aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa yòókù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a máa ń dìde rọ̀gbà yí aláìsàn ká, tí onígbàgbọ́ yóò máa pe Jésù, tí mùsùlùmí yóò máa ké sí Ọlọ́run. Kí a gbàdúrà, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà á lórí ìjókòó pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀, kí a sì lè gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ.

Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ni aláìsàn gbọ́

Ibí yìí ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn ti lè gba ẹ̀mí là. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó èyí tí wọ́n lè fi ṣàlàyé ìrora, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bàálù kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Bí ẹ bá gbọ́ èdè méjèèjì, ẹ yọ̀ǹda ara yín fún ògbufọ̀.

Ẹ túmọ̀ ohun tó sọ gẹ́lẹ́, ẹ má ṣe sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń ṣe é. “Àyà ń já mi” lè jẹ́ ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bi í: “Ṣé ẹ̀rù ló ń bà yín ni, àbí ọkàn yín ló ń lù kìkì? Ṣé ó ń dùn yín? Ṣé ó wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé e? Ṣé ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n?” Bó bá ní “òòyì ń kọ́ mi,” ẹ béèrè bóyá ilẹ̀ ló ń yí lójú rẹ̀, àbí ojú ló ń ṣú bí ẹni tó fẹ́ dákú. “Òkè inú ló ń dùn mí” kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti oúnjẹ. Ọkàn lè máa fi ibẹ̀ sọ̀rọ̀, pàápàá lára àwọn obìnrin àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bó bá sì jẹ́ “ara mi ò lélẹ̀” nìkan ló ń tẹnu rẹ̀ jáde, ẹ fi sùúrù béèrè láti orí dé ẹsẹ̀.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí dókítà tó jẹ́ àjèjì lè má mọ̀ pé ó yẹ kí òun bi ènìyàn wa. Ṣé ó wà nínú ààwẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbààwẹ̀ nítorí ìrìn-àjò, tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ yóò sì lo oògùn láìjẹun. Ṣé ó mu àgbo lánàá tàbí lónìí? Ṣé ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láàárọ̀, àbí ó fi í sílẹ̀ kó má baà máa lọ sí ilé ìtọ̀ léraléra? Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, láìbá a wí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oyún tàbí ẹ̀jẹ̀ obìnrin, ẹ rọra sọ ọ́ sí i létí, kí ẹni tó wà ní ìlà kejì má gbọ́.

Ẹ ó gbọ́ “ó ti dáa, ọmọ mi, ẹ má dààmú.” Ẹ má ṣe fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà mọ òwe yẹn, ó sì máa ń mú wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Dídákú ló wọ́pọ̀ jù. Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ àìsàn 11,920 nínú ọkọ̀ òfurufú wò, dídákú àti òòyì tó fẹ́ di dídákú kó ju 37 lọ nínú 100. Ẹ tẹ́ aláìsàn sílẹ̀ gbọọrọ ní ọ̀nà àárín tàbí lórí ìjókòó mẹ́ta tó ṣófo, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lé báàgì. Ẹ tú gèlè, ìró tó le, ìgbànú tàbí táì. Aboyún ni kí ẹ dà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ má ṣe gbé e jókòó kíákíá nítorí pé ó lajú, ẹ má ṣe da omi sí i lójú, ẹ má sì fi omi sí i lẹ́nu títí ojú rẹ̀ yóò fi dá ṣáká. Róòbù àti àbóníkí tí a máa ń fà jáde láti inú báàgì kò wúlò níhìn-ín. Òórùn wọn tún lè mú kí èémí ẹni tó ní ikọ́ fée burú sí i. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó dákú ló ń jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò bá jí, tàbí tó jí tí àyà ń dùn ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ńlá.

Bí àyà bá ń dun ènìyàn, ẹ jẹ́ kó jókòó kó fẹ̀yìn tì, kó má ṣe rìn lọ síbì kankan, ilé ìtọ̀ pàápàá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní aspirin bíi miligírámù 300 láti rún lẹ́nu. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í gba aspirin, tàbí pé ó ní egbò inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tètè sọ.

Bí kò bá dáhùn mọ́, tí kò sì mí, tàbí tó kàn ń fa èémí sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja tí wọ́n yọ kúrò nínú omi, ọkàn ti dúró nìyẹn. A kò lè ṣe iṣẹ́ yìí lórí ìjókòó. Ẹ ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti gbé e sílẹ̀ ní ọ̀nà àárín, tàbí níbi gbalasa lẹ́bàá ilé ìdáná ọkọ̀. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà, kí ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ẹ na apá méjèèjì tọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ẹ̀ẹ̀ 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ jẹ́ kí àyà náà gbé ara rẹ̀ sókè padà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fún ènìyàn ní èémí yóò fún un lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn títẹ̀ 30. Ó ń rẹ ènìyàn púpọ̀, nítorí náà kí ẹlòmíràn gbà á ní gbogbo ìṣẹ́jú 2. Bí ẹ̀rọ iná ọkàn bá dé, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ, ó ń sọ̀rọ̀ jáde bí ènìyàn. Nígbà tó bá ní kí gbogbo ènìyàn kúrò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ̀rù pé ẹ lè ṣẹ́ eegun rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá yín dúró. Eegun àyà a máa jinná. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró tí a kò tẹ̀ ẹ́ kì í padà wá.

Gìrì àti wárápá ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí àṣà wa. Ẹ má ṣe fi ṣíbí, ìka tàbí ohunkóhun sí ẹnu ẹni tí gìrì mú. Kò sí ẹni tó ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ohun tí ṣíbí ń ṣe ni pé ó ń ká eyín, ó sì lè di ọ̀nà èémí. Ẹ má ṣe dì í mú. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi ìrọ̀rí tàbí aṣọ gbá orí rẹ̀ mú kó má lu irin ìjókòó, kí ẹ sì wo aago. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún dé kí ojú rẹ̀ tó dá, nílò oògùn, kí dókítà tètè gbọ́.

Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ, omi, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ yọ nínú báàgì yín. Ẹ kọ aago tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá sílẹ̀, nítorí aago yẹn ni ilé ìwòsàn yóò fi pinnu irú ìtọ́jú tó ṣì ṣeé ṣe.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì bára mu, ẹ fún un ní omi èso tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, bíi ìdajì agolo, bó bá lè gbé e mì fúnra rẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ há sí lọ́fun tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí wúkọ́, ẹ tẹ orí rẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ìdí ọwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ fà á níkùn sókè, lókè ìdodo, lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí kì í bá ṣe aboyún tàbí ọmọ ọwọ́. Bí eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ bò ó kó móoru, ẹ fún un ní omi, ẹ bá a wá oògùn ìrora tirẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọ́síjìn fún un.

Bí ẹ bá jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì

Kò sí bí wọ́n ṣe lè ké “ṣé dókítà wà nínú ọkọ̀?” ní ọ̀nà London sí Èkó kí ọwọ́ má na sókè, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ènìyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní òtítọ́. Bí ẹ bá ti mu ọtí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn lè ṣíwájú. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí a gbọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ìka lé ọrùn ọwọ́ kí ẹ fi mọ nọ́ńbà tòkè. Dókítà kan sábà máa ń wà nílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá sọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀run. Ẹ bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ má ṣe bá a díje. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 dáàbò bo oníṣègùn tó bá fi inú rere ṣèrànwọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú, àyàfi bó bá hùwà àìbìkítà tó burú jáì. Ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú aago.

Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀

Ọ̀gá awakọ̀ nìkan ló ń pinnu bóyá bàálù yóò yà sí ìlú mìíràn. Yàtọ̀ sí àìsàn, ó ń wo epo, ojú ọjọ́, bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó, àti bóyá ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú irú àìsàn náà wà ní ìlú tó sún mọ́ jù. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè, bíi 7 nínú 100 ìṣẹ̀lẹ̀ ló mú kí ọkọ̀ yà. Bó bá yà, ẹ má ṣe bínú sí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ nítorí ìpàdé tí ẹ pàdánù.

Bí ọkọ̀ bá balẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò wà lórí ìjókòó títí àwọn oníṣègùn yóò fi wọlé gbé aláìsàn jáde. Ẹ fún wọn ní ìwé pélébé yẹn, kí ẹ sì sọ aago tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí wọ́n ti fún un. Ẹ rí i pé báàgì oògùn, ìwé ìrìnnà, gíláàsì ojú àti bàtà rẹ̀ bá a lọ, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń ṣẹ́kù sábẹ́ ìjókòó. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà bàálù, kí ẹ sì pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ kí ẹ tó lọ gba ẹrù tiyín, kí ọmọ náà lè mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé e lọ.